Ọjọ́ Wo ni Ẹ Ṣí Ìgò Náà?

Ó pẹ́ tí olóòtú wa ti ń sọ pé kí n kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn yìí, tí mo sì ń sá fún un, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà mọ, ìwé ẹrù reluwé ni mo sì mọ̀ ọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi ní oṣù Mẹ́ta ọdún tí ó kọjá tí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ó jẹ mọ́ ìgò ata tí ìyá mi fi ránṣẹ́ sí wa. Mo sì mọ̀ pé ilé tí irú ìgò bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ẹgbẹ́ wa kò pọ̀.

Ọ̀ffà ni ìyá mi ń gbé. Nígbà tí bàbá mi wà nínú iṣẹ́ reluwé ṣáájú mi, ọkọ̀ ojú irin ni ó ń gbé ẹrù ilé wá bá wa. A ó gbọ́ fèrè, àwa ọmọdé a ó sì sáré lọ sí ibùdókọ̀. Lóde òní mọ́tò ni. Ìyá mi yóò gbé ẹrù lé awakọ̀ lọ́wọ́ ní páàkì, yóò tẹ̀ mí láago, yóò ka nọ́ńbà mọ́tò náà fún mi, èmi náà yóò sì lọ dúró dè é títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Elùbọ́ ni, irú ni, ẹ̀gúsí ni, gààrí ni. Ní àárín gbogbo rẹ̀, tí a fi aṣọ àkísà wé bí ọmọ tuntun, ni ìgò ata díndín wà, tí òróró lé téńté lórí rẹ̀ bí ìwọ̀n ìka méjì. Ẹni tí ó bá ti pẹ́ ní àjò ni yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Bí a bá ṣí ọmọrí ìgò yẹn, a kò sí ní Kàdúná mọ́.

Ìgò ti oṣù Mẹ́ta yẹn tóbi púpọ̀. Ó jẹ́ ìgò ẹlẹ́nu gbàǹgbà irú èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń ta súìtì. A ṣí i, a fi jẹ iyán, a fi jẹ ìrẹsì, a fi jẹ iṣu sísè. Iná mànàmáná kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ládùúgbò wa lọ́sẹ̀ náà, nítorí náà orí tábìlì ilé ìdáná ni ìgò náà ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Ẹ̀yin náà mọ bí ooru Kàdúná ti ń rí ní oṣù Mẹ́ta, ó máa ń ju ìwọ̀n 35 ti Celsius lọ ní ọ̀sán, ilé ìdáná sì tún gbóná ju ìta lọ. Gbogbo wa ni a ń ti ṣíbí bọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn a ti lá ṣíbí náà kí ó tó tún tì í bọ̀ ọ́. Èmi gan-an ṣe é, kí n má purọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá àwọn ọmọ mi ṣí ìgò náà, ó fi imú fà á, ó sì dúró. Ó ní, “Bàbá wọn, òórùn ata yìí ti ń yí padà díẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n dà á nù.”

Mo fi ìka kan tọ́ ọ wò. Ó kan díẹ̀ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ata ni ata ń jẹ́. Mo wò ó pé ìgò náà ṣì kún dé ìdajì. Mo rántí ìyá mi, bí ó ti jẹ́ pé ẹ̀yìn ń dùn ún, bí ó ti jókòó ti iná fún odindi ọ̀sán nítorí èmi. Ọ̀rọ̀ tí ó jáde lẹ́nu mi kò dára. Mo ní, “Ṣé làálàá ìyá mi ni o fẹ́ lọ dà sí kòtò? Ṣé torí pé kì í ṣe ìyá tìrẹ ni?” Kò fèsì. Ó gbé ìgò náà padà sórí tábìlì, ó bu ìrẹsì fún wa, ó sì lọ jókòó sí ìta. Òun nìkan ni kò fi ata náà jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Kò tíì tó aago méjì òru tí ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru dé. Inú ń run èmi náà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n tiwa kò le tó tirẹ̀. Iná kò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni a fi ń wò ó. Nígbà tí ó di bí aago mẹ́rin, ojú rẹ̀ ti wọ inú, ètè rẹ̀ gbẹ, ó ń sunkún ṣùgbọ́n omi kò jáde lójú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò rí sálúbàtà mi wọ̀ kí n tó sáré lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Ìbejì, tí ilé wọn jẹ́ ìkẹta sí tiwa. Ẹ mọ̀ wọ́n nínú ẹgbẹ́ obìnrin wa, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Ìyá Ìbejì kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n bèèrè omi tí a ti sè, wọ́n wọn lítà kan, wọ́n fi ṣíbí ìpotíì kékeré wọn ṣúgà 6 sí i, ṣíbí tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kúrò kí ó tẹ́jú, àti ìdajì ṣíbí bẹ́ẹ̀ ti iyọ̀. Wọ́n ní kí a má fi ojú wọn iyọ̀ o, torí bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ewu ni fún ọmọ. Wọ́n ń fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bì í, wọn a dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọn a tún bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́ tí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fún wa ní omi oníyọ̀ tí ó wà nínú ọ̀rá àti oògùn zinc níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó ti ń sáré káàkiri àgbàlá, ó ń bèèrè bisikíìtì.

Nígbà tí a ń dúró de ilẹ̀ kí ó mọ́ ni Ìyá Ìbejì bi mí pé, “Akọ̀wé, kí ni ọmọ yìí jẹ lánàá?” Mo kà á fún wọn. Nígbà tí mo dé orí ata, wọ́n ní kí n gbé e wá. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Wọ́n tún bi mí pé, “Ọjọ́ wo ni ẹ ṣí ìgò náà?”

Mo wo ìyá àwọn ọmọ mi, òun náà wò mí. Mo ní bí ọjọ́ márùn-ún. Ó ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, pé ó ti rékọjá ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ wa àgbà ní ọjọ́ tí àwọn ṣe ìdánwò ìṣirò ni, ṣùgbọ́n kò mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìdánwò náà. Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ẹ̀yin ará mi, iṣẹ́ tí mo ń ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni kí n máa kọ déètì sórí ìwé. Ọjọ́ tí ẹrù dé, ọjọ́ tí ó kúrò, ọjọ́ tí ẹni tí ó ni ín wá gbà á, ẹni tí ó fọwọ́ sí i. Bí mo bá ṣi ọjọ́ kan kọ, ọ̀gá mi yóò pè mí. Ẹrù àwọn ẹlẹ́rù ni mo ń ṣọ́ báyẹn. Ohun tí ń wọ ẹnu ọmọ mi, n kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ó tọ́ kí n sọ pé Ìyá Ìbejì kò búra pé ata náà ni. Wọ́n ní ó lè jẹ́ omi, ó lè jẹ́ ọwọ́ àìfọ̀, ó lè jẹ́ ìrẹsì náà gan-an bí ó bá ti pẹ́ lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹ ata kò ṣàìsàn, àwa tí a jẹ ẹ́ ni inú run. Ìyẹn tó mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bèèrè, tí mo sì ń ka ìwé ara ìgò gbogbo tí ó bá wọ ilé wa. Ohun tí ó kọ́kọ́ yé mi, iṣẹ́ mi ni ó là á yé mi. Ní reluwé, bí wọ́n bá di ẹrù sínú ọkọ̀ tán, wọn a fi èdìdì sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí èdìdì náà bá ṣì wà, ohun tí ìwé sọ ni a gbà gbọ́. Bí èdìdì bá ti já, a kò gba ìwé gbọ́ mọ́, a ó tún ẹrù náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni déètì tí ilé iṣẹ́ kọ sí ara ìgò. Ìgò tí èdìdì rẹ̀ wà ni wọ́n kọ ọ́ fún. Jáàmù tí wọ́n kọ ọdún méjì sí lára, kì í ṣe ọdún méjì lẹ́yìn tí o ti ṣí i. Ọjọ́ tí ọmọrí rẹ̀ dún “pá”, ìwé ilé iṣẹ́ ti parí, tìrẹ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì wo ara ìgò mìíràn dáadáa, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà kíkéré pé ọjọ́ báyìí ni kí ẹ jẹ ẹ́ tán lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i. Èmi kò ka ibẹ̀ rí kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ọkùnrin ará Faransé kan tí ń jẹ́ Nicolas Appert ni ó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ fún fífi oúnjẹ sínú ìgò báyìí. Yóò di ìgò náà pa, yóò sì sè é nínú omi gbígbóná. Ní 1810 ìjọba ilẹ̀ Faransé fún un ní 12,000 fráǹkì nítorí iṣẹ́ náà. Ohun tí ó dùn mọ́ mi ni pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí tí oúnjẹ náà kò fi bàjẹ́. Ó tó bí 50 ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí Louis Pasteur tó fi yé aráyé pé àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ni ń ba oúnjẹ jẹ́. Iná pa àwọn tí ó wà nínú ìgò, èdìdì kò sì jẹ́ kí òmíràn wọlé. Bí a bá wá ṣí i, afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, ṣíbí wọ̀ ọ́, itọ́ ọmọdé wọ̀ ọ́. Láàárín ìwọ̀n 5 àti ìwọ̀n 60 ti Celsius ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí ti ń bí sí i. Ibi tí ara tù wọ́n, òmíràn nínú wọn a máa di ìlọ́po méjì láàárín 20 ìṣẹ́jú. Orí tábìlì wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ilé ọlá ni fún wọn.

Oúnjẹ inú ìgò kò rí bákan náà. Èyí tí ó kan púpọ̀, tàbí tí ó dùn púpọ̀, tàbí tí ó gbẹ, máa ń pẹ́. Oyin kì í tètè bàjẹ́ bí omi kò bá wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oyin sí ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, bí ó ti wù kí àwọn àgbà sọ nípa ìsọmọlórúkọ. Kòkòrò kan máa ń wà nínú oyin tí ikùn ọmọ jòjòló kò lè bá jà. Ẹ̀pà lílọ̀ inú ìgò lè lo oṣù méjì sí mẹ́ta lórí pẹpẹ lẹ́yìn ṣíṣí. Jáàmù lè pẹ́ ní oṣù mélòó kan nínú firíìjì, àti màyónéèsì bí oṣù méjì, bí firíìjì bá ń tutù lóòótọ́ tí ṣíbí gbígbẹ tí ó mọ́ sì ni a fi ń bù ú. Tòmátò inú agolo, bí a bá ṣẹ́ kù, kí a dà á sínú abọ́ tí ó ní ọmọrí, kí ó má ju ọjọ́ 5 sí 7 lọ nínú firíìjì. Ẹran, ẹ̀wà àti ọbẹ̀ tí kò kan, ọjọ́ 3 sí 4 ni. Oúnjẹ ọmọ jòjòló inú ìgò kéré sí i, tí ẹran bá wà nínú rẹ̀, kí ó má ju ọ̀la lọ. Wàrà ẹlẹ́bu ti ọmọ ọwọ́, láàárín oṣù kan tí a bá ṣí agolo rẹ̀ ni kí a lò ó tán, èyí tí a bá sì ti pò tí ọmọ mu kù, kí a dà á nù. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀yin ni mo ń bá wí níbí.

Gbogbo ìyẹn, ti ẹni tí firíìjì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni. Iná tiwa ńkọ́? Bí iná bá lọ tí a kò ṣí ilẹ̀kùn firíìjì, nǹkan inú rẹ̀ lè tutù fún bí wákàtí mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí ó lè bàjẹ́ ti kúrò nínú firíìjì, ó ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lásán. Ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú òtútù, tí ó bá wà ní ìta fún wákàtí méjì, kí a má jẹ ẹ́. Tí ooru bá ju 32 lọ, wákàtí kan péré. N kò fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ẹ rántí sàláàdì tí a máa ń pò pẹ̀lú màyónéèsì láti àárọ̀ nígbà àríyá wa, tí a ó sì máa bù fún àlejò títí di ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí mo rò pé mo ti mọ gbogbo rẹ̀ ni Ìyá Ìbejì tún sọ ohun kan tí ó dà mí láàmú jù. Mo ń ṣàlàyé èdìdì mi fún wọn, inú mi sì ń dùn sí ọgbọ́n ara mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Akọ̀wé, èdìdì wo ni ó wà lórí ìgò ìyá yín?”

Lóòótọ́, kò sí. Ọmọrí ni ó wà lórí rẹ̀. Ìyá mi kò sè é mọ́ inú ìgò bí ti ilé iṣẹ́. Ó dín in nínú ìkòkò, ó dà á sínú ìgò, ó sì dé e. Nítorí náà ọjọ́ orí ata náà kì í ṣe láti ọjọ́ tí a ṣí i ní Kàdúná, láti ọjọ́ tí ó ti kúrò lórí iná ní Ọ̀ffà ni. Ó ti rìn ní ojú ọ̀nà nínú ooru fún odindi ọjọ́ kan kí a tó rí i. Àti òróró tí ó lé lórí rẹ̀, tí gbogbo wa gbà pé òun ni ń ṣọ́ ọ, iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe. Ó ń lé afẹ́fẹ́ kúrò, ìyẹn kì í jẹ́ kí ó tètè bu. Ṣùgbọ́n kòkòrò kan wà tí ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí gan-an ni ó ti ń gbádùn. Òun ni ó ń fa àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní botulism. Kò ní òórùn, kò sì yí adùn oúnjẹ padà. Ní 1985, ní ìlú Vancouver ní ilẹ̀ Kánádà, ó lé ní 30 ènìyàn tí ó dá dùbúlẹ̀ nítorí áyù inú òróró tí wọ́n jẹ ní ilé oúnjẹ kan, tí wọn kò fi sínú òtútù. Ojú a máa rí nǹkan ní méjìméjì, ahọ́n a wúwo, ara a máa kú, títí dé iṣan tí a fi ń mí. Ilé ìwòsàn ni kíákíá, kì í ṣe àgbo. Tòmátò tí ó kan a máa dín agbára kòkòrò náà kù, ṣùgbọ́n tàtàsé àti àlùbọ́sà kò kan, bí wọ́n bá sì ti pọ̀ nínú ata, kò sí ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́.

Èyí tí ó mú wa kì í ṣe botulism, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, ara mi bù máṣọ. Mo rántí ìgò mélòó tí a ti jẹ láti ọdún yìí wá.

Ó wá ku ìyá mi. Ó ti tẹ̀ mí láago lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ náà pé, “Ọkọ mi, ata ńkọ́? Ṣé ó dùn?” Èmi náà ń sọ pé ó dùn, pé a ti jẹ ẹ́ tán. Nítorí irọ́ yẹn, kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí awakọ̀ kan fi pè mí láti páàkì. Ìgò méjì ni lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbé e wọlé, mo gbé e kalẹ̀, ìyá àwọn ọmọ mi sì wo ojú mi. Kò sọ ohunkóhun. Òun ni ó jẹ́ kí n tẹ ìyá mi láago ní alẹ́ ọjọ́ náà tí mo sì sọ òótọ́ fún un, láti orí òórùn tí ìyàwó mi gbọ́ dé orí ilé ìwòsàn.

Ìyá mi dákẹ́. Mo rò pé ó ń sunkún. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ó ní, “Ṣé ẹ ń gbé e kaná?”

Mo ní, “Rárá o, màámi. Inú ìgò ni ó wà.”

Ó ní, “Ta ni ó sọ fún ọ pé ata ń dá gbé inú ìgò? Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo ń gbé tèmi kaná níhìn-ín, kí ó hó dáadáa, ìkòkò kékeré sì ni mo ń sè é sí. Ṣé o rí i kí n fi ata sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí o wà lọ́mọdé? Ìgò kékeré ni mo kọ́kọ́ ń fi ránṣẹ́ sí yín, tí ẹ̀ ń jẹ tán ní ọjọ́ kejì. Ìwọ ni o ní kí n máa dì í sínú ńlá, pé owó mọ́tò ti pọ̀ jù.”

Òótọ́ ni. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti gbàgbé pátápátá. Ìgò tí mo fi ń bá ìyàwó mi jà pé kò bọ̀wọ̀ fún ìyá mi, èmi ni mo ní kí ó tóbi bẹ́ẹ̀, láti fi ṣẹ́ owó mọ́tò kù.

Ìyá mi tún bi mí léèrè pé, “Àbí ìwọ kò mọ̀ pé láti ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ ni tàtàsé àti tòmátò tí à ń rà lọ́jà wa ti ń wá?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rò ó. Ata tí ó bá ọkọ̀ àwọn Háúsá kọjá lọ sí ìsàlẹ̀, tí ìyá mi rà, tí ó dín, ni ó tún ń wọ mọ́tò padà wá bá mi, tí mo sì ń sanwó rẹ̀ bí ẹrù ilé. Ó ní kí n gbé fóònù fún ìyàwó mi. Ó lé ní wákàtí kan tí wọ́n fi sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ tí ìyàwó mi ń sọ pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” “Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mà,” àti lẹ́ẹ̀kan, “Ẹ má bínú sí i, mà, wọ́n ti gbọ́n báyìí.” Èmi ni “wọ́n” náà.

Ìgò méjì tí ó dé yẹn, a dà á nù. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé ní alẹ́. N kò lè sọ pé kò dùn mí. Lẹ́yìn náà ni mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá àwọn ọmọ mi, àti pé níwọ̀n ìgbà tí mo ti bú u níwájú àwọn ọmọ, níwájú wọn náà ni mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo tún ń bẹ̀ ẹ́ níhìn-ín níwájú gbogbo ẹgbẹ́.

Láti ìgbà náà, ohun gbígbẹ ni ìyá mi ń fi ránṣẹ́. Elùbọ́, ẹ̀gúsí, ata gbígbẹ gúngún, irú tí ó ti sá gbẹ dáadáa tí ó sì fi iyọ̀ sí. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ìyàwó mi a lọ sí ọjà, a sì dín ata bí ìyá mi ti kọ́ ọ. Ìgò kékeré mẹ́rin ni, tí a ti fi omi gbígbóná ṣàn. Méjì a wọ firíìjì, méjì a wọ fírísà, kí wọ́n má kún dé ẹnu kí ìgò má baà fọ́. Bí iná bá ti burú lọ́sẹ̀ kan, ìwọ̀n ọjọ́ kan péré ni a ń dín, èyí tí ó bá sì ṣẹ́ kù a ń gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́. Ṣíbí gbígbẹ ni a fi ń bù ú, kò sì sí ẹni tí ń lá a mọ́. Èmi ni mo ń kọ déètì. Mo ń gé pílásítà funfun, mo ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìgò, ọjọ́ tí a dín in lókè, ọjọ́ tí a ṣí i nísàlẹ̀, mo sì ń fọwọ́ sí i. Ìyàwó mi ní fífọwọ́sí yẹn kò pọn dandan.

Kò tíì rí bí ti ìyá mi lẹ́nu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Ó ku ohun kan tí ìyá mi kò tíì sọ fún un, tàbí kí ó jẹ́ pé iná igi ni. Ọmọ mi obìnrin ti ń kọ́ bí a ti ń ka nọ́ńbà báyìí. Lánàá ó dúró níwájú firíìjì, ó nawọ́ sí pílásítà ara ìgò, ó sì kà á sókè fún mi.